Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ChatGPT bá akẹ́kọ̀ọ́ kọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ gboyè lábẹ́ àbójútó mi kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí oríkì ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí kẹta, mo rí i pé ó túmọ̀ ọ̀kọ̀ tí baba ńlá wọn fi jagun sí ọkọ̀ ojú omi, bẹ́ẹ̀ omi tó lè gbé ọkọ̀ kò sí nílùú náà. Ìwé mẹ́rin tó tọ́ka sí kò sí níbikíbi. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní ChatGPT ló bá òun kọ ọ́.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní kí n fún un ní máàkì, kí orúkọ rẹ̀ lè bá ti àwọn agùnbánirọ̀ lọ. Àánú ọmọ náà ń ṣe mí, nítorí ìyanṣẹ́lódì ASUU olóṣù mẹ́jọ ọdún 2022 ti dá a dúró tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọwọ́ mi kọ̀ láti buwọ́ lu iṣẹ́ náà.

Ǹjẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yín ní òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí irú èyí? Ṣé kí n ní kó tún orí kẹta nìkan kọ, àbí kí n bi í ní ìbéèrè lójúkojú kí n tó fún un ní máàkì?