Kí ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà lè ṣe fún ẹni tó ti di olórí?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka ààbò kọ̀ǹpútà àti dátà ní ilé iṣẹ́ wa, èmi nìkan sì ni obìnrin nínú àwọn tó ń jábọ̀ fún ìgbìmọ̀ olùdarí. Ẹgbẹ́ méjì tó jẹ́ ti obìnrin inú iṣẹ́ yìí ti pè mí, ọ̀kan nínú wọn sì ń gba owó ọdọọdún. Mo mọ ìwúlò irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́. Kí ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó ti dé ipò, tí kò sì ráyè?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú oríire ipò tuntun. Ọdún kẹjọ mi rèé nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àǹfààní tí mo rí kò sì jọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpè wọn. Àṣírí ni iṣẹ́ wa. Bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, ẹ kò lè sọ ọ́ fún ará ilé, ẹ kò sì ní fẹ́ kí àwọn tó wà lábẹ́ yín rí i pé ọkàn yín kò balẹ̀. Ìlànà TLP (Traffic Light Protocol), tí FIRST, àjọ àgbáyé àwọn tó ń kojú ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, ń bójú tó, ni a ń lò láti fi àwọ̀ sàmì sí ọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa: èyí tó bá jẹ́ pupa kò gbọdọ̀ kọjá etí àwọn tó wà níbi ìjíròrò náà, èyí tó bá sì jẹ́ àwọ̀ ewé, gbogbo ẹgbẹ́ lè gbọ́ ọ. Lábẹ́ àmì pupa ni mo ti béèrè ní òru ọjọ́ kan, láìdárúkọ ilé iṣẹ́ kankan, bí èèyàn ṣe ń sọ fún ìgbìmọ̀ olùdarí pé olè ti ń gbé inú ẹ̀rọ wọn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn mẹ́ta tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ti dá mi lóhùn, ọ̀kan tilẹ̀ sọ gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn tirẹ̀ fún mi. Mo wà nínú ẹgbẹ́ tọkùnrin-tobìnrin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀, bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ni ẹnìkan kọ́kọ́ fi kọ́ mi!

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn yàtọ̀ sí ẹni tó ń dárúkọ ẹni sí rere níbi tí a kò sí. Ẹni tó bá yege ìdánwò CISSP, ìwé ẹ̀rí ààbò kọ̀ǹpútà tí àjọ ISC2 ń fúnni, pàápàá ṣì nílò kí ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí àjọ náà jẹ́rìí sí iṣẹ́ tó ti ṣe, tàbí kí àjọ náà fúnra rẹ̀ ṣe é bí kò bá mọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí èèyàn bá gòkè ju ibẹ̀ lọ, kò sí ìdánwò mọ́, ẹlẹ́rìí nìkan ló kù. Wọn kò kéde ipò tí mo wà báyìí rárá: obìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀, kò ráyè gbà á, ó sì fún wọn ní orúkọ mi.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún. WiCyS (Women in CyberSecurity), tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, kún fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, wọn yóò sì fẹ́ kí ẹ wá kọ́ wọn níṣẹ́. Executive Women's Forum, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, dojú kọ àwọn tó ti wà nípò.

Ìdáhùn kẹta

Ọkùnrin ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Ẹ má fi owó ara yín san án, iṣẹ́ ni, kì í ṣe fàájì. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ bóyá ìbánigbófò tó ń dáàbò bo àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ wọn kan àwọn náà, torí pé bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, orúkọ olórí ààbò lè wà nínú ìwé ẹ̀sùn. Ọ̀pọ̀ wa kì í rántí rẹ̀ títí a ó fi buwọ́ lu ìwé àdéhùn.

Èsì olùbéèrè

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé àdéhùn mi tán, kò sí ọ̀rọ̀ ìbánigbófò kankan níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń gbowó ni mo máa wọ̀, mo sì ti kọ owó rẹ̀ mọ́ ìṣirò ìnáwó ẹ̀ka wa. Ìbéèrè tí mo máa kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi.