Aago mọ́tò àtijọ́ tó kú: ta ló ti tún un ṣe rí?

Ọmọ Àkàbà, Kétu
Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà. Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń tún ṣe. Ẹ́ńjìnnì ti dáhùn, bíréèkì ti ń mú, àmọ́ aago epo kò dìde. Bí mo bu lítà 20 sínú tánkì, ọwọ́ rẹ̀ á sùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan jẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, epo tán mọ́ mi lójú ọ̀nà láàárín Kétu sí Pobè, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, kí ló ṣe?

Onímọ́tò Àjàṣẹ́
Masi ni. Ẹ yẹ masi wò kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ
Kí ni masi?

Onímọ́tò Àjàṣẹ́
Wáyà tó so mọ́ irin ara mọ́tò. Kí lẹ̀yin ń pè é lọ́hùn-ún?

Ọmọ Ìmẹ̀kọ
Ẹ́ẹ̀tì. Aago yẹn náà, gééjì là ń pè é.

Awakọ̀ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ orúkọ sílẹ̀ ná. Epo tán kò pa mọ́tò, ẹni tó ń ta kpayo, epo inú ìgò tó ń ti Nàìjíríà wá, kò jìnnà sí ojú ọ̀nà. Aago ooru ni kí ẹ bẹ̀rù. Ọdún méje ni mo fi 504 kó èrò láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ Parakou. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ aago ooru wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo ní ara mọ́tò tutù. Kò tutù! Wáyà tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, tó ń mú ìròyìn ooru lọ sọ́dọ̀ aago, ló ti já. Àlùmíníọ̀mù ni kúlásì 504, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnnì, ooru sì tẹ̀ ẹ́ wọ́. Èrò sọ̀ kalẹ̀ sínú oòrùn, owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta sì lọ. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í ṣí mọ́tò láìfi ọwọ́ kan wáyà yẹn.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Ọ̀rọ̀ yín mú ojú mi ṣomi. Bàbá wa ní 404. Kíútẹ́ẹ̀sì pupa màmá wa ni wọ́n mú, wọ́n kán an bíńtín sórí gíláàsì aago ooru. Bí ọwọ́ aago bá ti kan ibẹ̀, gbogbo wa á sọ̀ kalẹ̀, wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwa ọmọ á jókòó sábẹ́ igi títí ara ẹ́ńjìnnì á fi rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo gbé aago yẹn fún ẹnì kan pé kó tún un ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, gíláàsì ń dán, ọwọ́ aago funfun báláú. Ó ti nu kíútẹ́ẹ̀sì náà kúrò. N kò sọ fún un, kò sì mọ̀. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sunkún.

Awakọ̀ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́
Háà! Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Adé Kétu
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ má bínú sí mi o, kí ni àmì yẹn ń sọ tí aago fúnra rẹ̀ kò sọ?

Awakọ̀ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́
Àbúrò, aago tó ti gbó máa ń sọ àsọdùn tàbí àsọkù. Ẹni tó ń wa mọ́tò náà lójoojúmọ́ ló mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà kí omi tó hó.

Adé Kétu
Ó yé mi wàyí. Ẹ ṣeun, bàbá.

Rewáyà Ouando
Ìyá Ìbejì, a lè dá àmì yẹn padà. Kí ẹ́ńjìnnì tutù tán, kí ẹ tú ohun kékeré tó ń mọ ooru lára rẹ̀. Ẹ fi wáyà gígùn so orí rẹ̀ mọ́ wáyà tó ń lọ sí aago, ẹ fi òmíràn so ara rẹ̀ mọ́ irin mọ́tò. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ ri ẹnu rẹ̀ bọ inú omi tó ń hó. Ibi tí ọwọ́ aago bá dúró sí ni 100°C. Ẹ kán kíútẹ́ẹ̀sì sí ibi tí ọwọ́ aago máa ń dé díẹ̀ kó tó kan ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Màmá ṣì wà láàyè. Àwọn ni yóò kán an.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ
Ẹ yà fọ́tò rẹ̀ fún wa o.

Bàbá Oníjàpá
Àwa tí a wa Volkswagen ìjàpá láyé àtijọ́, títí di 1961 kò ní aago epo rárá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń wúkọ́, ẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ yí kọ́ọ̀kì tó ń tú epo tó kù nísàlẹ̀ tánkì, ẹ̀ẹ́ tún máa lọ.

Adé Kétu
Kpayo ló ń ba nǹkan inú tánkì jẹ́, ìdọ̀tí rẹ̀ pọ̀.

Ìyá Elépo
Ẹ má purọ́ mọ́ wa. Mo ń sẹ́ epo tèmi. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní Nàìjíríà ní 2023, tí ọjà ti wọ́n, ta ló tún fẹ́ kí oníbàárà òun sá?

Adé Kétu
Tiyín lè mọ́, ìyá. Mo ti bu èyí tí iyanrìn wà nísàlẹ̀ ìgò rẹ̀ rí.

Rewáyà Ouando
Ọmọ Àkàbà, ṣé o ti dán an wò? Yọ wáyà orí tánkì, fi kan irin ara mọ́tò fìrí. Bí ọwọ́ aago bá sáré dìde, aago kò ní àìsàn, inú tánkì ni kí o lọ wò. Mọ́tò mìíràn wà tí òdì kejì ni tirẹ̀, nítorí náà wo ìwé mọ́tò. Kí o tó ṣí tánkì, yọ bátìrì, kí iná má sí nítòsí.

Ọmọ Àkàbà, Kétu
Mo ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ aago fò sókè! Mo ṣí orí tánkì: ohun tó máa ń léfòó lórí epo ti lu, epo ti kún inú rẹ̀, ó rì sísàlẹ̀. Mo rí òmíràn lára 504 kan tí wọ́n ti pa tì, mo fi sáńpépà nu ìpẹtà tó wà lójú irin rẹ̀. Lítà 20 ni mo bù sí i láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ dìde, ó kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.