"Fépù aládùn" kọ́ ló yẹ ká pè é

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tẹ́ ẹ dábàá, pé ká máa pe òfin tí wọ́n fi ń dènà fépù (sìgá oníbátìrì) tó ní fléfọ̀, ìyẹn ìtọ́wò bíi ti èso tàbí mẹ́ńtọ́ọ̀lù, ní "òfin fépù aládùn". Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n n ò fara mọ́ ọn rárá, torí ńṣe lọ̀rọ̀ yẹn ń polówó ọjà tí òfin fẹ́ lé kúrò nílẹ̀. Oúnjẹ là ń pè ní aládùn. Ẹ sọ fọ́mọ sẹ́kọ́ńdìrì l'Abẹ́òkúta níbí pé kó má fa "aládùn", á ní kí lẹ rí sí i?

Mo rí fépù kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́ tí wọ́n ti ń ta ṣájà fóònù, ó rí bíi bírò, wọ́n ya máńgòrò sí i lára, ẹni tó ń tà á tún ní èyí tó ń tutù lọ́fun bíi Tom Tom wà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù nìyẹn, kì í dùn, ó ń tutù ni. Ìpínlẹ̀ Massachusetts l'Amẹ́ríkà fòfin de gbogbo fléfọ̀ lọ́dún 2019, mẹ́ńtọ́ọ̀lù ò yọ sílẹ̀, títí kan ti inú sìgá pàápàá, àmọ́ nígbà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà, gbé ìlànà tiẹ̀ jáde ní January 2020 lórí fépù oníkátíríìjì (èyí tí omi ẹ̀ wà nínú ike kékeré tí wọ́n ń pààrọ̀), wọ́n yọ mẹ́ńtọ́ọ̀lù àti tábà sílẹ̀. Tá a bá wá pe méjèèjì ní "òfin fépù aládùn", báwo lẹni tó ń kà á ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọn ò dọ́gba?

Èmi ní ká lo "fépù onítọ́wò àfisí". Ó gùn díẹ̀, mo gbà, àmọ́ ohun tí òfin ń bá jà nìyẹn, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìtọ́wò míì sí i yàtọ̀ sí ti tábà, ó sì gba máńgòrò, ó gba mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ní nikotíìnì náà àfisí ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n torí ìtọ́wò kọ́ ni wọ́n ṣe fi í sí i, òun ló ń di bárakú síni lára.

"Sìgá olóoru" tí àǹtí wa mú wá pé ká fi rọ́pò "fépù" ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká lò ó. Àwọn ọmọ ti ń sọ pé ooru lásán ni tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi lásán kọ́ ni wáyà gbígbóná inú fépù ń sè, glycerine wà níbẹ̀, nikotíìnì náà wà níbẹ̀. Òfin tábà wa ti 2015 ní wọn ò gbọ́dọ̀ ta tábà fọ́mọ tí ò tíì pé ọdún 18, ìyá tó bá gbọ́ "ooru" ò sì ní ronú kan tábà rárá. Fépù táráyé ń pè é yẹn ti tó.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú ju tèmi lọ kó mú un wá, kó ṣáà rí i pé mẹ́ńtọ́ọ̀lù ò yọ́ bọ́ nínú ẹ̀.