Oje ni, kì í ṣe wàrà: èsì mi lórí "ẹ̀wà oníwàrà àgbọn"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò o. Mo kí àgbà, mo kí ọmọdé.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ọ̀gbẹ́ni wa kọ nípa fùrẹ́jọ̀n, ẹ̀wà lílọ̀ tí à ń fi oje àgbọn sè l'Ékòó lásìkò Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí mo sì ń pa á mọ́ra. Ó ti kún mi dé ọ̀fun báyìí. Fún ẹni tí kò bá rí i: ọ̀gbẹ́ni yìí ní ọ̀rọ̀ àwọn Pọtogí ni fùrẹ́jọ̀n, pé ojú ń ti òun bí ọmọ Yorùbá bá ń pè é bẹ́ẹ̀, pé kí á gbá a jù nù, kí á máa pè é ní "ẹ̀wà oníwàrà àgbọn" láti òní lọ. Ó tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní "ẹ̀wà oníwàrà agbọ́n". Àwọn kan ti pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ohùn kúrò nílẹ̀. Àgbọn ni èso tí à ń fọ́. Agbọ́n ni kòkòrò tó ń ta ni. Agbọ̀n ni ohun tí a fi ń kó ẹrù. Àgbọ̀n ni irùngbọ̀n ń hù sí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ oúnjẹ lórúkọ fún gbogbo ìran Yorùbá, ó yẹ kó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bó ṣe tọ́, pàápàá ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀. Ẹ má sọ pé àṣìtẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ọ́.

Ó kù wàrà. Torí wàrà ni mo ṣe jókòó.

Ara ẹran ni wàrà ti ń jáde. Màlúù ní wàrà, ewúrẹ́ ní wàrà. Èyí tí àwọn Fúlàní ń sè tó fi ń dì, tí wọ́n ń dín tà, wàrà náà ni. Ọ̀gbẹ́ni wa mú Bíbélì wá, ó ní "ilẹ̀ tí ń ṣàn fún wàrà àti fún oyin". Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló ka ẹsẹ yẹn rí tó rò pé ara igi ni wàrà náà ti ń sun? Ẹ̀rí tó mú wá, èmi ló gbè. Ohun tó bá ti ara igi, ìtí tàbí èso jáde, oje ni. Oje ọsàn, oje ìrèké, oje igi rọ́bà. Ti rọ́bà yẹn funfun báláú, ó ki, síbẹ̀ n kò gbọ́ ọ rí kí àwọn tó ń kọ igi rọ́bà pè é ní wàrà. Fífunfun kọ́ ló ń sọ nǹkan di wàrà.

Níbo ló wá ti rí i? Ẹnu òyìnbó ló ti rí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń wo oje àgbọn tí wọ́n ń rí mílíìkì. Àwọn tó ń sọ èdè Pọtogí náà ń wò ó bẹ́ẹ̀: ní Bàhíà, ní Brasil, wọ́n ń se ẹ̀wà olóje àgbọn lásìkò Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, feijão de leite ni wọ́n ń pè é, leite yẹn sì ni mílíìkì. Ẹni tó ní òun ń gbá Pọtogí kúrò nínú ìkòkò wa ti lé orúkọ jáde lójúde, ó sì ti gba èrò wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Èyí ló ń bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ àyálò, èèyàn á mọ̀ ọ́n ní àlejò, á bá a gbé. Èrò tí wọ́n dà kọ látinú èdè ẹlòmíràn, tí wọ́n wá wọ̀ láṣọ òfì, òun ló ń ba èdè jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ẹ tún wo oní- tó lẹ̀ mọ́ ọn. N kò ní oní- kì í tọ́ka sí ohun tó wà nínú oúnjẹ. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ń bẹ, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníwàrà ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe nílùú Èkó. Oníwàrà ni ẹni tó gbé igbá tàbí ike kiri, tó ń kiri wàrà. Ẹ pe "ẹ̀wà oníwàrà" sétí ọmọ ọdún 10 kan lọ́jà Òkè-Arìn, ẹ̀wà tí ìyá oníwàrà gbé sílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Orúkọ tí a ní láti dúró ṣàlàyé kí ẹni tó gbọ́ ọ tó mọ̀ pé oúnjẹ ni, orúkọ wo nìyẹn?

Mo fẹ́ sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ, kí ẹ má bàa rò pé inú ìwé ni mo ti ṣà á.

Èbúté-Mẹ́ta ni bàbá mi kọ́lé sí, ṣùgbọ́n Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brasil padà dé sí Èkó, ni wọ́n ti bí ìyá mi, nítòsí Campos. Lọ́dọọdún, bó bá ti di Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere, ìyá mi á kó wa wọ mólúè, a ó gba Afárá Kátà, a ó bọ́ sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, a ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé Ìyá àgbà. Kí á tó débẹ̀, ẹ̀wà ti wà lórí iná igi láti òwúrọ̀. Àgbọn wà nílẹ̀, ó tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n ń sè fún. Àdúgbò ni.

Bọ̀ọ̀dá mi àgbà, àkọ́bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni wọ́n máa ń ní kó ṣe irin tí a ó fi rin àgbọn. Agolo mílíìkì tó ti ṣófo ló fi ń ṣe é. Á gé ìdí àti orí rẹ̀ kúrò, á là á nínàró, á fi òòlù tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Á gbé e lé orí pákó jíjẹrà kan, á wá mú ìṣó, á máa lù ú níhò-níhò, ihò sún mọ́ ihò, láti etí kan dé èkejì. Ojú tí ìṣó bá gbà wọlé á máa dán, kò lè rin nǹkan kan. Ojú kejì tí ìṣó bá gbà yọ ló ń ní eyín. Eyín yẹn ni bọ̀ọ̀dá mi á yí síta, á tẹ agolo náà kó lé bí ẹ̀yìn ahun, á kan etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ pákó. Ó parí. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, á há yín lọ́wọ́.

Àwa ọmọ la ń rin àgbọn. Rin, ohùn àárín. Kì í ṣe rìn, kì í ṣe rín. Bí àgbọn bá ti kù bí èékánná lọ́wọ́ wa, ìka ló kàn, ó sì níye ọdún tí ẹ̀jẹ̀ mi bá àgbọn lọ kí n tó mọ bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Omi inú àgbọn lowó iṣẹ́ wa. Inú kọ́ọ̀pù kan ni wọ́n ń dà á sí, tí ó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi yẹn mọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ fún. Wọ́n á ní, "Omi lẹ̀ ń mu. Oje ni tìkòkò."

Ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Omi lọ́tọ̀, oje lọ́tọ̀.

Wọ́n á bu omi gbígbóná lé àgbọn rírin, wọ́n á dà á sínú aṣọ funfun, àwọn àǹtí mi méjì á di etí aṣọ mú, ọ̀kan á lọ́ ọ sápá ọ̀tún, èkejì sápá òsì, oje á máa kán ṣùrùrù sínú abọ́. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, tó ki, Ìyá àgbà ń pè é ní àkọ́fún. Wọ́n á tún bu omi gbígbóná lé àgbọn yẹn, wọ́n á tún un fún, èyí tó bá jáde, tó ṣàn, àtúnfún nìyẹn. Àtúnfún ni wọ́n fi ń po ẹ̀wà tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì ti sẹ́. Wọ́n á fi kànáfùrù sí i, wọ́n á fi ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀, wọ́n á máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Ó di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kí wọ́n tó da àkọ́fún lé e, kí iná má bàa yà á. Lọ́jọ́ kejì, gààrí Ìjẹ̀bú, ẹja àti ọbẹ̀ ata, abọ́ á máa wọlé, abọ́ á máa jáde.

Àkọ́fún, bí àkọ́bí, bí àkọ́so. Àtúnfún, bí àtúnbí, bí àtúnkọ. Ìyá àgbà kò mọ̀wé kà. Wọn kò jókòó sí ìpàdé èdè-ìperí kankan, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ló bi wọ́n léèrè orúkọ, wọ́n sì dá a lóhùn, ìtúpalẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń lò ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ọdún 22 tí mo ti ń kọ́ni ní Yorùbá. N kò gbọ́ wàrà lẹ́nu wọn, láyé wọn. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni wa kò bi oníkàn kankan. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé òun kò jẹ fùrẹ́jọ̀n rí.

Ó wá kan fùrẹ́jọ̀n fúnra rẹ̀. Ta ló gbé e dé? Àwọn Àgùdà ni, àwọn kan sì ń pè wọ́n ní Àmárò. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brasil àti Cuba, tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn padà wálé. Púpọ̀ nínú wọn dé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Salvador lọ́dún 1835, òmíràn sì dé lẹ́yìn tí Brasil fòpin sí oko ẹrú lọ́dún 1888. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Feijão tó wà lẹ́nu wọn, ẹ̀wà lásán ló jẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé Èkó, kò jẹ́ ẹ̀wà lásán mọ́. Kò sí ẹni tó ń pe ẹ̀wà àgànyìn ní fùrẹ́jọ̀n. Kò sí ẹni tó ń ra fùrẹ́jọ̀n ní kóńgò. Ìkòkò kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, lásìkò kan, pẹ̀lú oje àgbọn kan. Èkó ló fún un ní ìtumọ̀ yẹn, Yorùbá ló sì fún un ní ohùn. Bí èyí kò bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Yorùbá, kí ni ká ti ṣe àlùbọ́sà? Kí ni ká ti ṣe kànáfùrù tó wà nínú ìkòkò kan náà, tó gba ọwọ́ àwọn Hausa dé ọ̀dọ̀ wa? Àbí bàbá dúdú, tí kò dárúkọ àgbọn, tí kò dárúkọ ṣúgà, tí kò sì sí ọmọ Èkó ìgbà tiwa tí kò mọ̀ ọ́n?

N kò lòdì sí ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ìwé ìròyìn ti jáde l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1859 la ti ń rí orúkọ fún ohun tí kò ní i. Amóhùnmáwòrán dára. Ẹ̀rọ ata, tí àwọn ìyá wa sọ fúnra wọn, dára jù ú lọ. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ọmọ tí à ń sọ lórúkọ yìí sì ti ń jẹ́ orúkọ kó tó di pé wọ́n bí ọ̀gbẹ́ni wa. Bí àlejò bá bi yín pé kí ni fùrẹ́jọ̀n, ẹ sọ fún un pé ẹ̀wà olóje àgbọn ni. Àlàyé nìyẹn. Kò di orúkọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara mọ́ mi tí ara bá ta mí jù lórí èyí. Mo wà ní kíláàsì kárùn-ún nígbà tí olùkọ́ kan ní kí á kọ àròkọ lórí oúnjẹ tí a fẹ́ràn. Mo kọ fùrẹ́jọ̀n. Ó fi gègé pupa fa ìlà sí i lójú gbogbo ibi tí mo ti kọ ọ́, ibi méje, ó kọ "ẹ̀wà" lé e lórí, ó sì fún mi ní 4 nínú 10. Mo gbé ìwé náà lọ fún Ìyá àgbà. Mo ka ohun tó kọ fún wọn. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí tí mo fi kà á tán, wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò nu ojú ibi tí yíǹkì pupa wà, bí ẹni pé ó lè kúrò.

Ìyá wa olùkọ́ tó dá sí ọ̀rọ̀ náà lánàá ní Kátólíìkì ni ìtumọ̀ Àgùdà, pé Àgùdà tí kì í ṣe Kátólíìkì kò sí. Ẹ jọ̀wọ́ mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo mọ̀ pé Ìjọ Àgùdà là ń pe ti Kátólíìkì. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí wà nínú àwọn tó ti Brasil dé. Ẹ wo Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, ọwọ́ Àgùdà ló kọ́ ọ, ẹ ó rí i lára ilé náà. Mo mọ̀ pé ẹ ó dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí á yà á sọ́tọ̀, kó má bàa bo ọ̀rọ̀ wàrà mọ́lẹ̀.

Irin bọ̀ọ̀dá mi ṣì wà. Ó ti dípẹtà, ó wà nílé àbúrò mi obìnrin ní Sùúrùlérè, gírétà tí wọ́n rà lọ́jà la ń lò báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ń fún ọsàn sínú kọ́ọ̀pù. Ó fún un tán, ó bomi díẹ̀ lé ìhàhá ọsàn náà, ó tún un fún sínú kọ́ọ̀pù mìíràn, ó gbé èyí tó ṣàn fún àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wò ó, ó ní òun kò mu àtúnfún, àkọ́fún lòun fẹ́.