Èsì lórí "afẹ́rọ": fáànù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í fẹ́, fífà ló ń fà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Òṣogbo.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lọ́jọ́ Àìkú, pé kí a máa pe fáànù tó ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tutù ní "afẹ́rọ": a, fẹ́, ẹ̀rọ. Wọ́n ní ó ti parí, kí àwọn òǹkọ̀wé máa lò ó lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n "fẹ́" tó wà láàárín yẹn ò bá iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mu, ó sì ń ká mi lára.

Lọ́dún tó kọjá, fáànù ọkọ̀ mi dákẹ́. Mẹkáníìkì kan nítòsí Ọláìyá ní mọ́tò ìdí rẹ̀ ló jó. Ó tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ó fa ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà yọ, ó fi sípánà 10 tú bóòtù mẹ́rin, ó wá rọra gbé e jáde lẹ́yìn rédíétọ̀ (ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù) kó má baà ha ìyẹ́ rẹ̀. Ó de tuntun, ó so wáyà, mo lọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òkè-Fìà, omi ti ń hó. Bẹ́ẹ̀ fáànù ń yí o! Rẹwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) tó wá wò ó ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó já bébà kan, ó gbé e síwájú rédíétọ̀. Bébà fò lọ. Ó pààrọ̀ ojú wáyà méjèèjì, ó tún gbé e síbẹ̀, bébà lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yìn ló ń yí sí tẹ́lẹ̀, bàbá. Ó yẹ kó máa fa atẹ́gùn wọlé láti iwájú ni."

Ṣé ẹ rí i? Nínú ọkọ̀ mi, èyí tó ń fẹ́ gan-an lèyí tí wọ́n so wáyà rẹ̀ sódì.

Àǹtí tó dáhùn pé kó jẹ́ "afàtẹ́gùn" sún mọ́ òtítọ́ jù, àmọ́ ohùn yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti tẹ̀ lé "fà", ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á lọ: "afatẹ́gùn". Ọdún 26 ni mo fi kọ́ ọmọ ní gírámà yìí, mi ò ní dákẹ́ lórí ẹ̀.

"Abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀" ni tèmi. Aláró ni ìyá àgbà mi. Bí wọ́n bá jókòó ti ìkòkò aró, tí wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ aláwọ, wọ́n á ní: "Abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn, bí oru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́." "Bẹ̀" ló wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó ń ṣe sí oru ni orúkọ náà sọ, kò sọ ọ̀nà tí atẹ́gùn gbà. Èyí tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ tó ń fà, èyí tí wọ́n de síwájú nínú ọkọ̀ mìíràn tó ń tì, ó gba méjèèjì. Àwa tí à ń rí abẹ̀bẹ̀ idẹ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun, kí la ń wá "afẹ́rọ" kiri sí?

Ẹni tó bá sọ pé "abẹ̀bẹ̀" ò lè wá láti ara "bẹ̀", kó mú gbòǹgbò mìíràn wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò. "Agbómitutù" tí wọ́n fẹ́ fún rédíétọ̀ ńkọ́? Mi ò tíì fọwọ́ sí ìyẹn náà.