Báwo ni mo ṣe lè fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ Garfield kọ háíkù tó máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín?

Abẹ̀bẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akéwì. Háíkù (ewì Japan onílà mẹ́ta, sílébù 5-7-5) tí mo kọ nípa Garfield, ológbò ọ̀lẹ tó fẹ́ràn oúnjẹ, rèé, kò pa ẹnì kankan lẹ́rìn-ín:

Ológbò ń sùn
Ó jí, ó jẹun, ó sùn
Ó tún ń wá oúnjẹ

Kí ni kí n ṣe sí i?

Alákàwé: Sílébù 5 àti 7 pé, ṣùgbọ́n 7 ni ìlà kẹta dípò 5: ó-tún-ń-wá-o-ún-jẹ. "Ń" yẹn ló máa ń tan èèyàn. Ó ń gba ohùn, torí náà sílébù kan gedegbe ni. Àwọn ará Japan náà máa ń ka "n" tó bá gbẹ̀yìn sílébù wọn lọ́tọ̀.

Àmọ́ kíkà kọ́ ló ba ẹ̀fẹ̀ yín jẹ́. Láti 1978 tí Garfield ti bẹ̀rẹ̀, àpótí mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ti ojoojúmọ́ (ti ọjọ́ Àìkú gùn jù ú lọ): ọ̀kan á dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èkejì á fà á, ẹ̀kẹta á já a mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan. Ìlà kẹta yín kàn ń tún ti kejì sọ ni. Ẹ fi ohun tí ojú lè rí síbẹ̀:

Abọ́ Jon ṣófo

(Jon ni ẹni tó ni Garfield.) Ẹ má dárúkọ olè o, òǹkàwé á mú un fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìjápá: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún ìpàjẹ, ìyẹn kí fáwẹ̀lì kan pa rẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé: "ó ra ẹja" jẹ́ 4, "ó rẹja" jẹ́ 3. Bí ẹnu ṣe ń pè é ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ yọ "Garfield" kúrò nínú ewì pátápátá, ẹnu kò kò lórí iye sílébù rẹ̀. Ti Monday tí Garfield kórìíra rèé:

Ọjọ́ Ajé dé
Ológbò fọwọ́ bojú
Iṣẹ́ wo ló ní?

Alákàwé: Ìyẹn já! Senryu ni (ewì Japan tó jọ háíkù, tó máa ń fi ìwà èèyàn ṣẹ̀fẹ̀), kì í ṣe háíkù gan-an, nítorí háíkù máa ń ní ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ìgbà ọdún. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú ju ti Japan lọ, sílébù 17 wa máa ń gba ìtàn jù. 3-5-3 ló wù mí:

Ajé dé
Ológbò bojú
Iṣẹ́ wo?

Ọmọ Ìjápá: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé e jù. "Ajé dé" yẹn, owó ni wọ́n á rò pé ó wọlé. Ẹ dá "Ọjọ́" padà, kí ẹ gé ibòmíràn.