Ṣé $2.13 ni kí n máa san fún àwọn tó ń gbé oúnjẹ? Búkà tuntun ní Houston

Ìyá Búkà (Houston):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Admin, ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n gbé e síbí.

Mo fẹ́ ṣí búkà ní Houston níbí, lápá Bissonnet. Àmàlà, ewédú, gbẹ̀gìrì, ẹ̀fọ́ rírò, ọ̀fadà lópin ọ̀sẹ̀. Mo ti gba ilé, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló kù. Mo fẹ́ gba ọmọ mẹ́ta tí yóò máa gbé oúnjẹ fún oníbàárà, alásè méjì, àti àbúrò mi obìnrin tí yóò máa bójú tó gbogbo wọn nígbà tí mi ò bá sí nílé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí n má fi owó ṣòfò, pé ní Texas, $2.13 ni wọ́n ń san ní wákàtí kan fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ, típù, ìyẹn owó tí oníbàárà bá fi ta ọmọ náà lọ́rẹ, ni yóò sì parí ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àwọn èèyàn wa. Ẹlòmíì á jẹ àmàlà $25, á nu ẹnu, á ní "Mọ́mì, ọbẹ̀ yìí dùn gan-an ni o," á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rò ó pé kí n kúkú fi service charge 15%, ìyẹn owó iṣẹ́ tó di dandan fún oníbàárà, lé owó oúnjẹ.

Ṣé $2.13 yẹn bófin mu? Ṣé 15% yẹn ti di típù? Àwọn alásè ti ń sọ pé àwọn náà fẹ́ nínú típù, torí ọwọ́ àwọn ni ọbẹ̀ ti dùn. Àbúrò mi náà ń fojú sí i. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó gba ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìbàdàn (Dallas):
Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ò parọ́, mọ́mì. $2.13 ni. Èmi gan-an gbé oúnjẹ nígbà tí mo wà ní yunifásítì, iye tí wọ́n san fún mi nìyẹn. Ẹ ṣí búkà yín jàre.

Onísirò (Katy, Texas):
Ẹ kú orí ire o, mọ́mì. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n sọ fún yín, ìdajì kan náà ni Ọmọ Ìbàdàn tún sọ. $2.13 wà nínú òfin ìjọba àpapọ̀ lóòótọ́, kò sì tíì yí padà láti 1991. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni owó iṣẹ́ ọmọ náà. $7.25 ni owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ, ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti oṣù Keje 2009. Texas ò ní iye tirẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ló ń tẹ̀ lé, Houston ò sì láṣẹ láti gbé e sókè fún iléeṣẹ́ aládàáni. Ohun tí òfin gbà yín láàyè láti ṣe ni pé kí ẹ fi típù tí ọmọ náà bá rí gbà dí àlàfo $5.12 tó wà láàárín iye méjèèjì. Tí típù ò bá dí i, àpò yín ni yóò dí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ kan ṣe wákàtí 30 lọ́sẹ̀. Ẹ san $2.13, ó di $63.90. Ó yẹ kó gba $217.50 ó kéré tán, torí náà típù $153.60 gbọ́dọ̀ wọlé fún un lọ́sẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ $90 ni àwọn tó ń nu ẹnu lọ yẹn fún un, $63.60 ṣì wà lọ́rùn yín. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń wò o. Ẹ ò lè sọ pé típù ọ̀sẹ̀ Kérésì pọ̀ débi tó fi lè bo oṣù Kìíní tó gbẹ.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ sọ fún un ṣáájú pé báyìí ni ẹ ó ṣe máa san owó rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i. Ẹni tí ò bá sọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti pàdánù àǹfààní yẹn, $7.25 gbogbo ló jẹ ẹ́. Ẹni tí típù rẹ̀ kì í sì í ju $30 lóṣù kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí ẹ lè san $2.13 fún. Àwọn oníbàárà yín, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe wọn, ẹ wò ó dáadáa.

Bó bá kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀, $7.25 ni ẹ ó sọ di ìlọ́po kan àtààbọ̀ kí ẹ tó yọ $5.12 kúrò nínú rẹ̀, ohun tó kù ni $5.76 ní wákàtí kan. Àwọn kan á sọ $2.13 di ìlọ́po kan àtààbọ̀, wọ́n á ní $3.20. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú wọn.

Ọmọ Ìbàdàn (Dallas):
Háà. Kò sẹ́ni tó fi kún tèmi rí o, ọ̀sẹ̀ mìíràn ò sì dára rárá.

Àbíkẹ́ (Atlanta):
Wọn ò fi kún tèmi náà. Ilé oúnjẹ àwọn èèyàn wa kan ni mo ti ṣe é. Bí àwo bá fọ́, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó mi. Bí oníbàárà bá jẹun tán tó sá lọ, wọ́n á yọ ọ́. Ọ̀gá obìnrin wa á kó típù inú ike ní alẹ́ Sátidé, á ní òun fẹ́ bá wa tọ́jú rẹ̀. A ò rí i mọ́. Ní Georgia, òfin ìpínlẹ̀ ṣì kọ $5.15 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ, ìyẹn ni ọ̀gá fi ń dẹ́rù bà wá pé òun tiẹ̀ ń ṣàánú wa. Ti ìjọba àpapọ̀ ló mú ilé oúnjẹ bíi tirẹ̀, mi ò kàn mọ̀ nígbà náà ni. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ kan típù àwọn ọmọ yẹn.

Onísirò (Katy, Texas):
Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú ìfaradà. Kò sí ìkankan tó bófin mu níbẹ̀. Ẹni tí ẹ ń fi típù parí owó rẹ̀ ti wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ ò lè yọ sẹ́ǹtì kan fún àwo tó fọ́ tàbí oníbàárà tó sá. Láti oṣù Kẹta 2018 sì ni òfin ti sọ ọ́ gbangba pé agbanisíṣẹ́, máníjà àti alábòójútó ò gbọ́dọ̀ mú nínú típù òṣìṣẹ́, iye yòówù kí wọ́n máa san. Bí wọ́n bá mú èèyàn, á san owó náà padà, á tún san iye kan náà lé e gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n lè wò, ọdún mẹ́ta tó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Òṣìṣẹ́ tí ò ní ìwé ìgbélùú náà lè béèrè o, torí àwọn kan rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀.

Mọ́mì, èyí dáhùn ti àbúrò yín. Tó bá ń gbani síṣẹ́, tó ń yanṣẹ́ fúnni, tó lè lé èèyàn, máníjà ni, kò sí nínú àjọpín típù. Èyí tí oníbàárà bá fún òun fúnra rẹ̀ fún iṣẹ́ tí òun nìkan ṣe, ìyẹn tirẹ̀ ni.

Ní ti àwọn alásè, bí ẹ bá ń san $2.13 fún àwọn tó ń gbé oúnjẹ, alásè ò lè sí nínú àjọpín. Bí ẹ bá ń san $7.25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn látọwọ́ ara yín, wọ́n lè pín in pẹ̀lú alásè. Lójú tèmi, ìyẹn ló bá búkà mu, torí lóòótọ́ ni wọ́n sọ, ọwọ́ wọn ni ọbẹ̀ ti dùn.

Àlàájì (Maryland):
Ẹni tó ń kà á láti apá ọ̀dọ̀ wa, ẹ má da ti Texas mọ́ tiwa. $15 ni owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ níbí láti oṣù Kìíní 2024, $3.63 ni ti onítípù, Montgomery County sì ní $4 tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣí ẹ̀ka kejì ní ìsọdá ìpínlẹ̀, ó gbé ìwé òṣìṣẹ́ kan náà lọ síbẹ̀. Lọ́yà ló bá a tún un ṣe.

Bọ̀dé (Oakland):
Ní California, kò sí ohun tó ń jẹ́ $2.13. Owó iṣẹ́ ìpínlẹ̀ gbogbo ni ẹ ó san, $16.50 ní 2025, típù wá lé e. Oregon, Washington, Nevada, Montana, Minnesota àti Alaska náà ò gba kí wọ́n fi típù dí owó iṣẹ́.

Sùúrù (Mushin):
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ń ṣírò sẹ́ǹtì! ₦70,000 lóṣù ni òfin wa sọ láti 2024, ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò sì tó 25 ti bọ́ nínú rẹ̀. Búkà wo ló ní òṣìṣẹ́ 25 ní Mushin? Mo kàn ní kí n kí yín ni.

Ìyá Búkà (Houston):
Ẹ mà ṣeun o. Sùúrù, mo rí ẹ 😂. Onísirò, 15% yẹn ńkọ́?

Onísirò (Katy, Texas):
Kì í ṣe típù, mọ́mì. Típù ni ohun tí oníbàárà fínnúfíndọ̀ fún èèyàn. Ohun tí ẹ fi dandan lé e lórí, owó ilé oúnjẹ ni. Tí ẹ bá pín in fún àwọn ọmọ, owó iṣẹ́ lásán ni, ẹ ó yọ owó orí lára rẹ̀ bíi ti yòókù. Kò burú, torí ẹ lè kà á mọ́ $7.25 yẹn. Lórí owó orí ọjà, Texas ò ní gbà á lórí rẹ̀ tí kò bá ju 20% lọ, tí ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ lórí rìsíìtì, tí gbogbo rẹ̀ sì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà. Tí ẹ bá dá nínú rẹ̀ sápò, ẹ ó san owó orí ọjà.

Àwọn ọmọ náà lè kùn o. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2025 gba òṣìṣẹ́ láàyè láti yọ típù tó tó $25,000 kúrò nínú owó tí wọ́n ń ṣírò owó orí ìjọba àpapọ̀ lé, láti 2025 dé 2028. Típù àfínnúfíndọ̀ nìkan ni. Service charge ò sí nínú rẹ̀.

Àbíkẹ́ (Atlanta):
Ẹ kọ "típù wà lọ́wọ́ yín" sórí ìwé oúnjẹ, kí ẹ̀rọ káàdì náà sì máa béèrè. Nígbà tí ẹ̀rọ bá béèrè lójú àwọn tí wọ́n jọ jẹun, ojú á ti àwọn èèyàn wa, wọ́n á tẹ nǹkan.

Ìyá Búkà (Houston):
Mo gbọ́. Mi ò ní fi 15% sí i. $11 ni mo fẹ́ san fún gbogbo wọn, alásè àti ẹni tó ń gbé oúnjẹ, kí wọ́n pín típù láàárín ara wọn. Àbúrò mi, mo máa fún un ní owó oṣù tirẹ̀. Ó ti ń bínú báyìí, ó ní ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń gbọ́.

Onísirò (Katy, Texas):
Ẹ fi ìwé òfin hàn án. Kí ẹ sì rántí pé owó oṣù nìkan ò yọ ọ́ kúrò nínú owó àṣelé, ìyẹn ti wákàtí tó bá kọjá 40 lọ́sẹ̀ o. Ẹ kọ wákàtí tirẹ̀ náà sílẹ̀ títí ẹ ó fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀.